Iṣẹ́ ọgbà láìní láísẹ́ńsì ní California: kí ni ìyà rẹ̀?

Ìbéèrè, láti Òṣogbo: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi ní California ń tẹ́ koríko, ó ń ri páìpù omi ọgbà, ó sì ń to òkúta sí ọ̀nà ẹnu ilé àwọn èèyàn. Kò ní láísẹ́ńsì. Kí ni òfin lè fi ṣe é?

Èsì 1: Ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn ni níbẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ̀wọ̀n tó lè tó oṣù 6, ìtanràn tó lè tó $5,000, tàbí méjèèjì. Bó bá tún ṣe é, láti ọjọ́ 90 ni ẹ̀wọ̀n rẹ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé oníbàárà lè kọ̀ láti sanwó, àbúrò yín ò sì ní lè pè é lẹ́jọ́. Kódà bó ti sanwó tán, ó lè gba gbogbo ẹ̀ padà, tòun towó òkúta àti páìpù, bí iṣẹ́ náà tiẹ̀ mọ́ tónítóní.

Èsì 2: Ẹ jẹ́ kó fi gígé koríko àti títu èpò ṣe iṣẹ́ ná, ìyẹn ò gba láísẹ́ńsì. Láti 2025, iṣẹ́ tí kò tó $1,000 náà ò gba láísẹ́ńsì mọ́, bí kò bá gba ẹnikẹ́ni síṣẹ́, tí iṣẹ́ ọ̀hún ò sì nílò ìwé àṣẹ ìkọ́lé. Àpapọ̀ owó iṣẹ́ àti ohun èlò ni wọ́n ń kà o! Kó má gé iṣẹ́ $2,400 sí mẹ́ta, wọ́n mọ ọgbọ́n yẹn. Igi tó bá ga tó ẹsẹ̀ bàtà 15, kó má fọwọ́ kàn án.

Èsì 3: C-27, ìyẹn láísẹ́ńsì àwọn tó ń ṣe ọgbà lọ́ṣọ̀ọ́, ló yẹ ẹ́. Wọ́n á béèrè ìrírí ọdún 4 àti ìwé onídùúró (bond) tó tó $25,000, ìyẹn ìwé tí iléeṣẹ́ kan fi ń ṣe onídùúró fún un.