Orí ẹ̀gẹ́ mi ti ká jọ bí òṣùká, kí ló fà á?

Àgbẹ̀ Ìtóìkín: Ẹ káàsán o ẹ̀yin tèmi. Ẹ̀gẹ́ mi lọ́nà Ìtóìkín, l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ níbí, oṣù karùn-ún rèé tí mo gbìn ín, ó ń ṣe dáadáa títí ọyẹ́ fi dé, àfi bí mo ṣe dóko ní Sátidé tí mo rí i pé ọ̀mùnú ẹ̀ ti ká jọ bí òṣùká, ewé ò là mọ́, mo ya á wò, nǹkan funfun bí òwú ló kún inú ẹ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, èèrà sì ń gùn ún lọ gùn ún bọ̀. Ẹni tí oko wa jọ pààlà ní wọ́n ti fi nǹkan sí mi lóko ni. Ṣé kí n fín oògùn sí i àbí kí n fà á tu?

Ọmọ Ìmọ́tà: Àrùn ewé lílọ́ nìyẹn jàre, eṣinṣin funfun ló ń gbé e kiri. Ẹ tu ú, ẹ jó o.

Tísà Àgírìkì: Rárá o, ẹ̀gbọ́n Ìmọ́tà, ẹ má bínú. Èyí tẹ́ ẹ ń sọ yẹn, ewé ẹ̀ máa ń ní àbùlà yẹ́lò, kì í ní òwú kankan. Kòkòrò ni ti yìí, mealybug lòyìnbó ń pè é. Tẹ́ ẹ bá nu lẹ́bú ara ẹ̀ kúrò, píǹkì ló máa rí, roboto báyìí, kò tó ìdajì hóró ìrẹsì. Ẹnu bí abẹ́rẹ́ ló fi ń fa omi ara ẹ̀gẹ́ mu, itọ́ ẹ̀ ló sì ń ká orí ẹ̀gẹ́ jọ bẹ́ẹ̀.

Èyí tó máa ń yà mí lẹ́nu jù, abo ni gbogbo wọn o! Kò sí akọ níbẹ̀ rárá. Abo kan á jókòó láì lọ́kọ, á yé ẹyin tó 400 sínú òwú tó wà nídìí ẹ̀, ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́jọ wọ́n á pa, ọmọ yẹn á rìn lọ wá ọ̀mùnú tàbí kí atẹ́gùn gbé e lọ sóko ẹlòmíì, á bọ́ awọ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dàgbà, gbogbo ẹ̀ ò jù bí oṣù kan lọ. Ẹ wá ṣírò ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn dé ìparí. Òjò ni ò bá a rẹ́, ó máa ń fọ̀ ọ́ dànù.

Bàbá Ọdógùnyàn: Tísà ti sọ ọ́ re. Kòkòrò yẹn kì í ṣe ará ibí náà, Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá, apá Congo ló kọ́kọ́ bọ́ sí ní bíi 1973, nígbà tó fi máa di 1979 ó ti wọ Nàìjíríà. Agbọ́n kékeré kan láti Paraguay ni IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Ìbàdàn, tú lé e lórí ní 1981, wọ́n tún fi bàálù gbé agbọ́n náà lọ dà sílẹ̀ káàkiri Áfíríkà, Hans Herren tó léwájú iṣẹ́ yẹn gba World Food Prize, ẹ̀bùn àgbáyé lórí oúnjẹ, ní 1995. Agbọ́n yìí kì í ta èèyàn o, inú kòkòrò yẹn ló ń yé sí, ọmọ ẹ̀ á jẹ ẹ́ látinú, kòkòrò á gan, á di bíráùn, agbọ́n á wá lu ihò jáde. Tẹ́ ẹ bá fín oògùn, agbọ́n lẹ máa pa. Èèrà tẹ́ ẹ rí yẹn náà, ohun dídùn tí kòkòrò ń yà ló ń lá, ó sì ń lé agbọ́n sẹ́yìn.

Àgbẹ̀ Ìtóìkín: Mo ti padà lọ wò ó sà, òótọ́ ni, àwọn bíráùn wà níbẹ̀ tó ní ihò, mo rò pé òkú lásán ni. Ṣùgbọ́n iyanrìn ni ilẹ̀ mi o.

Bàbá Ọdógùnyàn: Ibi tó ti ń le nìyẹn, agbọ́n ò fi bẹ́ẹ̀ rí iṣẹ́ ṣe lórí ilẹ̀ tó ti ṣá. Ẹ wá koríko gbígbẹ tẹ́ sí ìdí ẹ̀. Tí ẹ̀gẹ́ bá jẹun kánú, kòkòrò á tóbi, inú èyí tó tóbi sì ni agbọ́n ti máa ń bí abo agbọ́n, abo yẹn ló sì ń yé sínú kòkòrò mìíì. Ẹ gé orí tó burú jù, ẹ jó o, kẹ́ ẹ má sì gé igi ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni gbìn o.

Ìyá Elégàrí: Háà! Igi tẹ́ ẹ ṣèlérí fún mi lóṣù tó kọjá ńkọ́? Ẹ má gbé e bọ̀ mọ́ o, mo ti dúpẹ́.