Géèmù tí máàkì burúkú bà lórúkọ jẹ́: ẹ bá mi mú ọ̀kan kó tó di aago 6

Ọmọ_Mọ́níyà, 2:14 ọ̀sán
Ẹ kú ọ̀sán, ẹ̀yin ará. Ẹ dákun, ẹ dá mi lóhùn kíákíá. Summer Sale (ẹ̀dínwó) ti Steam, ṣọ́ọ̀bù géèmù kọ̀ǹpútà orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ń kógbá sílé ní aago 6 ìrọ̀lẹ́ òní. Dọ́là 10 ló wà nínú wallet mi, àpò owó tí mo ní lórí Steam. Géèmù tí àwọn lámèyítọ́ fi máàkì bà jẹ́, tàbí tí wọn ò kà sí nígbà tó jáde, àmọ́ tó dùn dáadáa, ni mò ń wá. Bọ́ọ̀lù kọ́ o. Ẹ dárúkọ ọ̀kan péré.

Agbápáàdì, 2:20
Mad Max. Lọ rà á, kó o padà wá dúpẹ́. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015 ló jáde, ọjọ́ yẹn gan-an ni Metal Gear Solid V: The Phantom Pain náà jáde. Ta ló máa wá ráyè tiẹ̀? Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé ohun kan náà lèèyàn ń ṣe léraléra: ibùdó ọ̀tá, ilé ìṣọ́, pápá bọ́ǹbù. Òótọ́ ni, tó o bá ní o fẹ́ nu gbogbo àmì orí máàpù tán kó o tó tẹ̀ síwájú. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìjà orí mọ́tò ni adùn ibẹ̀.

Tó o bá ti dé ọ̀dọ̀ Jeet, ọ̀kan lára àwọn olórí tó ní ibùdó nínú géèmù náà, Scrap Crew àti Clean-Up Crew ni kó o kọ́kọ́ kọ́ síbùdó rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ á máa kó irin jọ fún ẹ nígbà tó o bá ti pa géèmù, ìkejì á máa bá ẹ ṣa irin mọ́tò tó o bá fọ́. Irin yẹn ni owó ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, harpoon (ọ̀kọ̀ oníwáyà ara mọ́tò) ni kó o náwó lé, kì í ṣe armor (irin ààbò). Armor wúwo, ẹni tó bá kọ́kọ́ rà á, mọ́tò rẹ̀ ò ní lè lé ẹnikẹ́ni bá. Harpoon ni wàá fi fa táyà yọ lẹ́sẹ̀ mọ́tò ọ̀tá, òun náà lo máa fi wọ́ awakọ̀ jáde lórí ìjókòó.

Pápá bọ́ǹbù: má gbé Magnum Opus, mọ́tò ńlá rẹ, lọ. Mọ́tò kékeré ti Chum, mẹkáníìkì rẹ, ni kó o gbé, ajá tó ń jẹ́ Dinki-Di á wà nínú rẹ̀. Tó bá ti ń gbó, tó ń nawọ́ síbì kan, dín eré kù, kó o sọ̀ kalẹ̀.

Tálọ́sì_Kìíní, 2:27
Prey ti ọdún 2017, iṣẹ́ Arkane. IGN, ìkànnì tó ń yẹ géèmù wò, fún un ní 4 nínú 10 torí pé save (fáìlì ibi téèyàn gbá a dé) ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò lórí PC bà jẹ́, kò sì lè tẹ̀ síwájú mọ́. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe, wọ́n gbé e sí 8, àmọ́ 4 yẹn ni gbogbo ayé rántí. Orúkọ ẹ̀ tún dá kún un: géèmù míì ti jẹ́ Prey lọ́dún 2006, àwọn méjèèjì ò sì bára wọn tan.

Mimic, ọ̀tá inú rẹ̀, máa ń para dà di ife tàbí àga. Má fi wrench (sípánà) sáré bá a. Yin GLOO, ìbọn tó ń yin fóòmù, lù ú títí á fi dì gbagidi, kó o tó wá gbá a. GLOO yẹn náà lo máa fi ṣe àtẹ̀gùn lára ògiri dé ibi tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ ẹ. Gbogbo pàǹtí tó o bá rí, títí kan èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, dà á sínú Recycler. Ohun tó bá yọ níbẹ̀ ni Fabricator máa fi ṣe ọta àti oògùn fún ẹ. Ẹni tí kò bá ṣa pàǹtí, ọta á tán mọ́ ọn lọ́wọ́, á ní géèmù ló le.

Ìyá_Ìbejì_PC, 2:31
Ọmọ_Mọ́níyà, kọ̀ǹpútà wo lo ní? RAM mélòó? Ṣé ó ní graphics card? Prey ń béèrè RAM 8, graphics card GTX 660 àti àyè 20GB, ó kéré tán. Mad Max ń béèrè RAM 6, GTX 660 Ti àti àyè 32GB. Sọ ìyẹn fún wa ná kí wọ́n tó tì ẹ́ wọ gbèsè.

Ọwọ́_Ọlọ́run06, 2:33
Ẹ ò tíì dárúkọ ọ̀gá wọn. God Hand, Capcom, 2006, lórí PS2. IGN fún un ní 3 nínú 10. Mẹ́ta! Ẹni tó bá mọ iyì wúrà là á tà á fún.

Kò sí bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń dí ẹ̀ṣẹ́ níbẹ̀. Analog ọ̀tún (ọ̀pá kékeré orí páàdì) lo fi ń yẹ̀ ẹ́: tì í sókè, orí á yẹ̀; tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, gbogbo ara á bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́; fà á sẹ́yìn, Gene, ẹni tí ò ń darí, á ta kìtì sẹ́yìn. Bó o bá ṣe ń lù wọ́n tí wọn ò rí ẹ lù, bẹ́ẹ̀ ni ìpele wọn á máa gòkè, láti 1 dé 3, tó bá kọjá ibẹ̀ ó di DIE. Ẹni tí kò kíyè sí ìpele yẹn nísàlẹ̀ ojú tẹlifíṣọ̀n ló máa rò pé wọ́n kàn ń fìyà jẹ òun ni. Tó bá ti le jù, mú Grovel nínú roulette, àkójọ àrà Gene: Gene á wólẹ̀ bẹ ọ̀tá, ìpele á sì wálẹ̀. Àmọ́ má tètè bẹ̀bẹ̀ o, owó tí wọ́n ń fúnni nígbẹ̀yìn ìpín pọ̀ jù fún àwọn tó o bá lù nígbà tó wà ní DIE.

Agbápáàdì, 2:36
Steam ló ní. God Hand ò sí lórí Steam.

Ọwọ́_Ọlọ́run06, 2:37
PCSX2, ètò tó ń gbá géèmù PS2 lórí PC, ńkọ́?

Ìyá_Ìbejì_PC, 2:40
PCSX2 ń béèrè BIOS (sọ́fíwia tó ń tan ẹ̀rọ) tí èèyàn yọ nínú PS2 ara ẹ̀, àti àwo géèmù náà. Èwo ni dọ́là inú wallet fẹ́ ṣe níbẹ̀?

Kóòdù_Ti_Sá, 2:44
Ẹ ṣọ́ra o! Ẹni tó bá ń ra kóòdù Steam lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á lójú òpó, ẹ dáwọ́ dúró! Ìdajì owó ni ẹnì kan ta Prey fún mi, mo fi kóòdù sí i, Steam ní kò ṣeé lò lórílẹ̀-èdè mi. Mo kọ̀wé sí ẹni tó tà á, kò fèsì títí dòní. Owó ti lọ!

Ẹ̀gbọ́n_Sáàbó, 2:46
Ta lo rà á lọ́wọ́ rẹ̀?

Kóòdù_Ti_Sá, 2:47
Mi ò ní dárúkọ. Ẹ ṣáà yàgò.

Agbápáàdì, 2:49
Ìwọ lo ò kà á. Kóòdù tó bá pọ́ọ́kú báyẹn, orílẹ̀-èdè tí géèmù ti rọ̀ lọ́wọ́ ni wọ́n ti kó o wá, wọ́n sì ti tì í mọ́ ibẹ̀. Kéèyàn tó sanwó, ibi tí wọ́n kọ agbègbè sí ni ká kọ́kọ́ wò.

Ẹ̀gbọ́n_Sáàbó, 2:52
Kó tan VPN, ètò tó ń fi orílẹ̀-èdè téèyàn wà pamọ́, kó fi kóòdù sí i, kó pa á. Ó parí.

Tálọ́sì_Kìíní, 2:53
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má kọ́ ọmọ èèyàn bẹ́ẹ̀ o. Steam lòdì sí i, wọ́n lè fìyà jẹ account náà. Torí géèmù kan, kó wá pàdánù gbogbo èyí tó ti ń rà bọ̀?

Ẹ̀gbọ́n_Sáàbó, 2:55
Wọn ò ṣe nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni ládùúgbò wa.

Tálọ́sì_Kìíní, 2:56
Ládùúgbò yín, ẹ̀gbọ́n.

Kóòdù_Ti_Sá, 2:58
Àbí kóòdù tí wọ́n fi káàdì olè rà ńkọ́? Ìyẹn á ṣí dáadáa, wàá ti máa gbá a, Steam á wá yọ ọ́ kúrò lọ́wọ́ ẹ lẹ́yìn oṣù kan. Kò sẹ́ni tó máa dá ẹ lóhùn.

Bàbá_Disìkì, 3:04
Torí ẹ̀ ni mo ṣe ní ẹ ra àwo. Àwo PS4 kò ní agbègbè, ti Amẹ́ríkà á ṣiṣẹ́ lórí ti Yúróòpù. DLC (àfikún géèmù) nìkan ló gbọ́dọ̀ bá agbègbè àwo mu. Tó bá sú ẹ, o tà á. Gift card PSN, ṣọ́ọ̀bù PlayStation orí íńtánẹ́ẹ̀tì, tó jẹ́ ti Amẹ́ríkà sì rèé, account Amẹ́ríkà nìkan ló ń gbà á. Ẹni tó bá fi account Gẹ̀ẹ́sì rà á ti sọ owó nù.

Ìyá_Ìbejì_PC, 3:07
Ẹ̀yin ará, ọmọ yìí sọ pé owó òun ti wà nínú wallet. Kí ni kóòdù àti àwo PS4 ń wá níbí?

Ayọ̀_Analog, 3:15
Ẹ jọ̀ọ́, níwọ̀n ìgbà tí gbogbo yín ti wà níbí, páàdì PS4 mi ń dá rìn sápá òsì. Kí ni mo lè ṣe sí i?

Bàbá_Disìkì, 3:19
Kọ́kọ́ gbá a wò lórí ẹ̀rọ míì. Tó bá ṣì ń rìn, tú ìdè mẹ́rin tó wà lẹ́yìn, ṣí i jẹ́jẹ́ torí ribbon (wáyà pẹlẹbẹ) wà láàárín, yọ wáyà bátìrì. Kán ọtí isopropyl tó ju 90% lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí kékeré aláwọ̀ ewé tó wà lára analog, yí analog káàkiri, jẹ́ kó gbẹ pátápátá. Má fi òróró kankan sí i. Tí ìyẹn ò bá ràn án, wọ́n á jó analog tuntun mọ́ ọn ní Computer Village.

Ayọ̀_Analog, 3:20
Ẹ ṣeun, bàbá.

Thorton_Ọ̀yọ́, 3:41
Alpha Protocol, Obsidian, 2010. Ìbọn pistol ni kó o kó gbogbo point sí: dúró tì ọ̀tá títí àmì á fi pọ́n, ọta kan á pa á. Chain Shot máa dá àkókò dúró, wàá to ọta mélòó kan kó o tó yìn wọ́n. Àwọn tó fún un ní máàkì kékeré gbé ìbọn ńlá, wọ́n wá ń bínú pé ọta ò bá ọ̀tá. Tí ẹnì kan bá kórìíra ẹ nínú ìfọ̀rọ̀wérọ̀, má tún un ṣe. Ìkórìíra náà máa ń fún ẹ ní àǹfààní tirẹ̀. Tó o bá fẹ́ já kọ̀ǹpútà wọ̀ níbẹ̀, lo páàdì. Mouse á pa ẹ́ lórí.

Agbápáàdì, 3:44
Ó kúrò lórí Steam láti 2019, ẹ̀tọ́ orin inú rẹ̀ ló parí. GOG, ṣọ́ọ̀bù géèmù míì, ló dá a padà lọ́dún 2024, wallet Steam ò sì ná ní GOG.

Thorton_Ọ̀yọ́, 3:46
Mo mọ̀. Ó bi wá ní géèmù tí wọ́n rẹ́ jẹ, mo dá a lóhùn.

Alẹ́_LA, 4:02
Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi sí i fún ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá ti gbó: Vampire: The Masquerade – Bloodlines. Ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún 2004 ló jáde, ọjọ́ tí Half-Life 2 jáde. Source, ẹ́ńjìnnì géèmù ti Valve tó ṣe Half-Life 2, ni wọ́n fi kọ́ ọ, àdéhùn ò sì jẹ́ kó ṣáájú Half-Life 2. Àṣìṣe kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, Troika tó ṣe é sì kógbá sílé lọ́dún 2005.

Má gbá a láìfi Unofficial Patch, àtúnṣe tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ṣe, sí i. Inú fódà tí Vampire.exe wà gan-an lo máa gbé e sí. Láìsí i, Windows tuntun lè kọ̀ láti ṣí i, á ní RAM rẹ ò tó, bẹ́ẹ̀ ó pọ̀ jù fún un ni. Má kó gbogbo point sórí ọ̀rọ̀ dídùn àti yíyọ́ rìn: apá ìgbẹ̀yìn, ìjà ni. Fi díẹ̀ sí Firearms tàbí Melee kó o tó wọ kotò ìdọ̀tí Hollywood, ó gùn.

Ọwọ́_Ọlọ́run06, 4:05
God Hand.

Ìyá_Ìbejì_PC, 5:10
Ọmọ_Mọ́níyà, ó ku àádọ́ta ìṣẹ́jú. RAM mélòó?

Ọmọ_Mọ́níyà, 5:48
Ẹ má bínú, iná ló lọ. Ẹ ṣeun gbogbo yín. Mo ti ra Mad Max. Làptọ́ọ̀pù HP ni mò ń lò, RAM 4, mi ò rò pé ó ní graphics card.

Alẹ́_LA, 5:49
Ha.

Ìyá_Ìbejì_PC, 5:51
Àbúrò, kò ní ṣiṣẹ́. Má tíì dáńlóòdù rẹ̀. Láàárín ọjọ́ 14, tí o kò bá tíì gbá a tó wákàtí 2, Steam á dá owó ẹ padà sínú wallet. Lọ sí Help, mú Purchases, mú géèmù náà, kó o ní o fẹ́ refund. Mọ̀ pé wákàtí ń kà bó bá ti ṣí, kódà tó o bá kàn ń wo àkójọ settings. Tí owó yẹn bá ti padà wọlé, o lè fi ra Bloodlines.

Ọmọ_Mọ́níyà, 5:55
Mi ò ní dá a padà, mà. PC ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Àkóbọ̀ ní GTX 1060. Wáìfáì ò sí níbẹ̀ nìkan ni. Ṣé mo lè dáńlóòdù rẹ̀ síbí, kí n fi flash gbé e lọ?

Ìyá_Ìbejì_PC, 5:59
O lè ṣe é. Wá flash 64GB, fọ́máàtì rẹ̀ sí exFAT, torí FAT32 kì í gba fáìlì tó bá ju 4GB lọ, á kàn máa ní fáìlì náà ti tóbi jù. Inú steamapps, wọ inú common, kó gbogbo fódà Mad Max. Tó o bá dé Àkóbọ̀, kó o síbì kan náà lórí PC yẹn, wọlé pẹ̀lú account tìẹ, kó o tẹ Install. Steam á rí fáìlì tó ti wà nílẹ̀, á yẹ̀ ẹ́ wò, á sì fa ìwọ̀nba tó bá ṣẹ́ kù. Gbé dátà díẹ̀ dání fún ìyẹn.

Ọwọ́_Ọlọ́run06, 6:02
PC tó ní 1060 á gbé PCSX2 dáadáa o.