Kí ni "reticent" gan-an, ìyìn ni àbí ẹ̀sùn?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Olùkọ́ ọmọbìnrin mi kọ ọ́ sínú ìwé èsì ìdánwò rẹ̀ pé ó jẹ́ "reticent" ní kíláàsì. Mo wo ọ̀rọ̀ náà títí, mi ò mọ ibi tí mo máa gbé e sí.

Inú èdè Látìn ló ti wá, láti ara "reticere", ìyẹn kéèyàn dákẹ́. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́ ju oríṣi kan lọ. "Shy" ni ti onítìjú. "Taciturn" ni ti ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. "Reticent" ní tirẹ̀ dà bí ẹni tó lọ́rọ̀ nínú, tó wá ń pa á mọ́. Ọmọ mi rèé: nílé, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, kí àlejò ṣáà wọlé, á fi etí aṣọ bo ẹnu, á máa wolẹ̀. Ṣé ohun tí olùkọ́ rí nìyẹn? Àbí "adákẹ́ má fọhùn, a ò mọ tẹni tó ń ṣe" ló ní lọ́kàn? Ìyẹn á dùn mí gan-an.

Mo tún rí i táwọn kan ń kọ "reticent to speak", bíi pé "reluctant" ni, ìyẹn ẹni tó ń lọ́ tìkọ̀ láti ṣe nǹkan. Àwọn mìíràn ní àṣìṣe ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ni lédè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Báwo lẹ ṣe máa sọ ọ́ ní Yorùbá? Kí ni kí n sì bi olùkọ́ náà? Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ lọ rí i.