Kì í ṣe májèlé, àjèjì ni

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ̀gbọ́n tó kọ̀wé ṣáájú mi ní kí a máa pe àwọn kẹ́míkà tí kò yẹ nínú ike àtúnlò tí wọ́n fi ń di oúnjẹ ní "májèlé inú ike". Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, n kò lè gbà á bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá gbọ́ májèlé, ẹni tó fi í sóúnjẹ ni yóò máa wá. Ẹ wo limonene, èròjà tó ń fún ọsàn ní òórùn: ike ìgò ẹlẹ́rìndòdò máa ń fà á mu, ó sì lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti fọ ìgò náà. Ta ni yóò pe òórùn ọsàn ní májèlé? Kẹ́míkà adènà-iná tó ní bromine ńkọ́, tí wọ́n ń pò mọ́ ike ara tẹlifíṣọ̀n, tí wọ́n sì ti bá nínú ṣíbí dúdú ìdáná tí wọ́n fi ike àtúnlò ṣe? Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Orúkọ kan náà gbọ́dọ̀ gba méjèèjì.

"Ìdọ̀tí" kò tó. Bí a bá fọ ìdọ̀tí, yóò ṣí. Eléyìí ti wọnú ike lọ.

Mo kọ́kọ́ ro "kẹ́míkà àìpè", bí ẹni tó yọjú síbi àsè tí a kò pè é. Ó dùn mọ́ mi gan-an, àfi ìgbà tí mo rántí bí a ṣe ń kọ̀wé láìfi àmì sí i: "aipe". Ìdajì yín ni yóò kà á sí àìpé! Ni mo bá bọ́ sórí "kẹ́míkà àjèjì". Àmọ́ kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ acetaldehyde ló ń dà mí láàmú, nítorí ooru ló ń bí i nínú ike PET (ike tí wọ́n fi ń ṣe ìgò omi àti ẹlẹ́rìndòdò) fúnra rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń yọ́ ọ. Ṣé ọmọ ilé kọ́ nìyẹn?

"Àtúnlò" náà ń ṣini lọ́nà. Kí a fọ ìgò kí a tún rọ omi sí i, àtúnlò nìyẹn. Èyí tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n fọ̀, tí wọ́n sì yọ́, tí òfin 2022/1616 ti Ìṣọ̀kan Yúróòpù ń ṣọ́, "àtúnyọ́" ni.

Ní ti bí kẹ́míkà ṣe ń ti inú ike bọ́ sínú oúnjẹ, "jíjò" tí ẹ lò ń fi ihò hàn, ike yìí kò sì lu. "Sísun" ni mo fara mọ́, bí omi ṣe ń sun láti inú àpáta. Ooru àti ọ̀rá inú oúnjẹ a sì máa mú un yá.

Ẹni tó bá rí orúkọ tó gba acetaldehyde yẹn mọ́ra, kó jọ̀ọ́ mú un wá.