Orúkọ wo ló yẹ òògùn prójẹ́stìn?

Ẹ kú iṣẹ́ èdè o, ẹ̀yin ará.

Ẹ̀gbọ́n wa dábàá pé kí a máa pe prójẹ́stìn, họ́mọ̀nù àtọwọ́dá inú àwọn òògùn ìfètòsọ́mọbíbí, ní "èròjà adáàbòbò-oyún", nítorí pé họ́mọ̀nù inú ara tí wọ́n wò ṣe é, prójẹ́stírónì, ló ń bá obìnrin gbé oyún ró. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí nọ́ọ̀sì wá na "adáàbòbò-oyún" sí ìyá tó fẹ́ sinmi ọmọ bíbí? Á ní òun kọ́ lòun béèrè fún.

"Adánǹkanoṣùdúró" tí àbúrò wa mú wá kò tẹ́ èmi náà lọ́rùn. Nǹkan oṣù àwọn kan máa ń dáwọ́ dúró lóòótọ́, pàápàá lórí abẹ́rẹ́. Àwọn mìíràn ńkọ́, tí ẹ̀jẹ̀ ń kán lára wọn ségesège? Ẹ̀jẹ̀ yìí gan-an ló ń lé ọ̀pọ̀ obìnrin kúrò nídìí òògùn náà. Ẹni tí orúkọ ti fi lọ́kàn balẹ̀ pé òun ò ní rí nǹkan oṣù mọ́, ọjọ́ tó bá rí ẹ̀jẹ̀, àyà rẹ̀ á já.

Lójú tèmi, ohun tí kò sí nínú rẹ̀ ni kí a fi pè é: "òògùn ìfètòsọ́mọbíbí aláìní-ẹ́sítírójìn". Àìsí ẹ́sítírójìn, họ́mọ̀nù kejì tó wà nínú ọ̀pọ̀ òògùn ìfètòsọ́mọbíbí mìíràn, ló jẹ́ kí ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú lè lò ó, tí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru àti ẹni tó ti lé ní ọdún 35 tó ṣì ń mu sìgá sì sábà máa ń rọ́nà gbà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní rọ́bà ìdáàbòbò náà kò ní ẹ́sítírójìn, rọ́bà kì í ṣe òògùn. (Rọ́bà ló sì ń dènà àrùn ìbálòpọ̀, òògùn yìí kò lè ṣe ìyẹn.)

Ẹ jọ̀ọ́, kí a má pe oníhóró rẹ̀ ní "òògùn kékeré". Kékeré ń dún bí ohun tí a lè lò bó ṣe wù wá, bẹ́ẹ̀ aago ló ń ṣiṣẹ́ lé. Bí ẹni tó ń lo norethisterone, ọ̀kan nínú irú prójẹ́stìn oníhóró, bá fi wákàtí 3 pẹ́, ó ti di kó fi rọ́bà kún un fún ọjọ́ 2. Desogestrel, irú mìíràn, ní sùúrù díẹ̀, ó ń fàyè wákàtí 12 gbà. "Oníhóró ojoojúmọ́" ni mo fara mọ́.

"Abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta" ni kò jẹ́ kí n sùn. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n, kò sì sẹ́ni tó máa pa á rẹ́. Àmọ́ ìgbà tí a ó tún gbà á ni oṣù mẹ́ta ń sọ, kì í ṣe ìgbà tí oyún lè dúró. Bí wọ́n bá yọ ti apá, ìyẹn ọ̀pá tín-ín-rín tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ, oyún lè dé kíákíá. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ó lè tó ọdún kan. Ẹ bá mi wá orúkọ fún àkókò ìdúródè yẹn, kó má gùn jù.