Bí monad ṣe yé mi nídìí iṣẹ́ aláàdìrẹ kan n'Ìtòkú

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kémi náà sọ tèmi lórí monad yìí, ìyẹn ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń so iṣẹ́ kan mọ́ òmíì nínú prógíráàmù, torí ọ̀pọ̀ ló máa ń gba inú category theory, ẹ̀ka ìṣirò kan, wọlé, kó tó di ìrọ̀lẹ́ ó ti sú wọn. Tèmi ò gba ibẹ̀. Àǹtí mi kan tó ń ta àdìrẹ n'Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta níbí, ló ní kí n bá òun ṣe prógíráàmù kékeré táá máa tọ́jú àwọn kọ́sítọ́mà òun àti aṣọ tí wọ́n ní kó bá àwọn rẹ láró, Haskell, èdè kan tí wọ́n fi ń kọ prógíráàmù, ni mo sì fi kọ ọ́ torí òun ni mò ń kọ́ lọ́wọ́.

Iṣẹ́ ọ̀hún ò le. Fi nọ́ńbà fóònù wá kọ́sítọ́mà, fi kọ́sítọ́mà wá ọ́dà ẹ̀, fi ọ́dà wá owó tó kù tó máa san. Àmọ́ kò síkankan níbẹ̀ tí ò lè lọ kó bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Maybe ni Haskell fi ń sọ ìyẹn: tó bá rí nǹkan, á fún ẹ ní Just pẹ̀lú nǹkan ọ̀hún, tí ò bá rí, Nothing. Mo wá ń kọ case, tí wọ́n fi ń wo irú èsì tó wá kí wọ́n tó yan ohun tó kàn: tó bá jẹ́ Nothing, dá Nothing padà, tó bá jẹ́ Just, gbé ohun tó wà nínú ẹ̀ fún fọ́ńṣọ̀n (kóòdù tó ń gba nǹkan tó sì ń dá èsì padà) tó kàn, ìyẹn náà tún ní case tiẹ̀ nínú, òmíì tún wà nínú ìyẹn, kóòdù ń sún lọ sápá ọ̀tún ṣáá.

Ìgbà tí mo tẹjú mọ́ ọn ni mo rí i pé ohun kan náà ló ń padà wá, fọ́ńṣọ̀n tó kàn nìkan ló ń yí padà. Ohun tó ń padà wá yẹn ni >>=, ìyẹn bind. Gbogbo ẹ̀ wá di:

waKositoma nomba >>= waOda >>= owoToKu

Tí àkọ́kọ́ bá mú Nothing wá, àwọn méjì yòókù ò ní ṣiṣẹ́ rárá. Ẹ fi pure kún un, tó máa ń sọ nǹkan lásán di Just, àti òfin mẹ́ta tó de àwọn méjèèjì, monad nìyẹn. Ẹ má fojú di àwọn òfin yẹn o! Ọ̀kan nínú wọn ló jẹ́ kí n lè yọ waOda àti owoToKu jáde, kí n so wọ́n pọ̀ di fọ́ńṣọ̀n kan, kí èsì má sì yí padà.

Onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, Eugenio Moggi, ló kọ́kọ́ fi monad ṣàlàyé irú nǹkan báyìí lọ́dún 1989, onímọ̀ míì, Philip Wadler, wá gbé e wọ inú functional programming, ìyẹn fífi fọ́ńṣọ̀n kọ prógíráàmù bíi ti Haskell, nígbà tó fi máa di Haskell 1.3 lọ́dún 1996, òun ni wọ́n fi ń ṣe IO, ìyẹn gbígba nǹkan wọlé àti gbígbé e jáde. Àní do tí gbogbo àwa tó ń lo Haskell fi ń to iṣẹ́ tẹ̀ léra wọn yẹn, >>= ló wà lábẹ́ ẹ̀.

Nígbà tó yá, àǹtí mi ní kó máa sọ ìdí tí ò fi rí nǹkan, bóyá nọ́ńbà ni ò sí ni àbí ọ́dà. Mo pààrọ̀ Maybe sí Either String, tó lè gbé ọ̀rọ̀ tó sọ ìdí wá dípò Nothing, nínú fọ́ńṣọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìlà tó so wọ́n pọ̀ yẹn, mi ò fọwọ́ kan lẹ́tà kan níbẹ̀.