Lórí “àjẹwébàjẹ́”: ohùn orí à àti ẹ̀sùn inú bàjẹ́

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. “Àjẹwébàjẹ́”, ìyẹn ẹni tí ó ń jẹ ewé bàjẹ́, tí Bàbá Olùkọ́ dá fún ìdílé kòkòrò tí ń jẹ ewé, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Chrysomelidae, kò tọ́ lẹ́nu mi. Ohùn ìsàlẹ̀ orí à ni mo kọ́kọ́ bá jà. Àjẹkù ni ohun tí a jẹ tí ó ṣẹ́ kù. Kì í ṣe ẹni tí ó jẹun. Olùṣe ni apẹja, akọrin àti adájọ́, ohùn àárín sì ni gbogbo wọn fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún fi fáwẹ́lì “ẹ” ti jẹ sílẹ̀ níbi tí ó yẹ kí a ti yọ ọ́ kúrò: ẹni tí ó jẹ obì, ó jobì ni, kò jẹ̀bi. Ajewé ni kí ẹ kọ.

Bàbá Olùkọ́ ní ará Èkìtì tí ń pe iṣu ní usu kò lè kọ́ òun ní Yorùbá àjùmọ̀lò. Ẹ ṣeun, sà. Oko usu ní Ìkọ̀lé ni mo ti mọ ọ̀kan nínú àwọn kòkòrò yìí kí n tó mọ orúkọ ìwé rẹ̀, Lilioceris livida. Ọmọ rẹ̀ a máa pọn ìgbẹ́ ara rẹ̀ sẹ́yìn bí ẹrẹ̀ tútù, ìyá mi àgbà kì í sì í jẹ́ kí a fi ọwọ́ kàn án. Igi ni a fi ń gbọ̀n ọ́n kúrò lára ewé. Èyí tí ó wà lára ilá, Podagrica, kéré, bí ẹ bá nawọ́ sí i, ó ti fò, ewé tí ó fi sílẹ̀ a sì lu bí ajere.

Ní ti bàjẹ́, n kò ní purọ́: Podagrica ń gbé àrùn láti ara ilá kan dé òmíràn. Ṣùgbọ́n irú kòkòrò inú ìdílé yìí lé ní 35,000, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í kúrò lára ìwọ̀nba ewéko díẹ̀. Láti Ajẹntínà ni Amẹ́ríkà ti kó ọ̀kan nínú wọn, Agasicles hygrophila, wá ní 1964, kí ó lè jẹ koríko tí ó ń dí ojú omi wọn, ó sì jẹ ẹ́. Ta ni ìyẹn ba nǹkan jẹ́ fún? Ewé tí ẹyẹ kò lè jẹ, ara kòkòrò ni ó ti ń di ẹran fún un.

Ẹni tí ó dá “yímíyímí-ewé” lábàá fún orúkọ wọn náà ṣì í: ti ara usu wa kò yí imí, ọmọ rẹ̀ ń pọ̀n ọ́n ni. Mo gbà pé tata àti ewúrẹ́ ń jewé, nítorí náà ajewé nìkan kò tó. Ẹ wá ohun tí yóò tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe jẹ́ bàjẹ́.